Ẹ̀dà Orí Ẹ̀dà: Ìdí Tí Àwòrán Inú Fóònù Fi Ń Ṣá

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Ìsẹ́yìn, ní Ṣakí, ní Òkè-Ihò, ní Kíṣì àti ní gbogbo ilẹ̀ Òkè-Ògùn, ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú yín lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ajílẹ̀, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ èlé orí owó. Ọ̀rọ̀ àwòrán ni, àwòrán tí a ń fi fóònù yà. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Owó ẹgbẹ́ àti ọjà àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀.

Ní àtijọ́, ìwé àti kálàmù ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ń gbé lọ sí ìpàdé. Lónìí, ọ̀pọ̀ akọ̀wé ló ń fi fóònù ya ojú ìwé ìṣirò owó, tí wọ́n ń ya rìsíìtì báńkì àti ìwé tí onídùúró fi ọwọ́ sí, tí wọ́n sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn ń ya aṣọ òkè tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hun, wọ́n ń fi í han oníbàárà ní Ìbàdàn àti ní Èkó, títí dé Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn àgbẹ̀ ń ya ewé ẹ̀gẹ́ tí àrùn mú, kí òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn lè rí i láì tíì dé oko.

Ohun tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹ ó ti ṣàkíyèsí pé àwòrán tí ó mọ́ kedere nígbà tí a yà á máa ń di bàìbàì bí ó bá ti gba ọwọ́ ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún. Lẹ́tà á dà bí ẹni pé kòkòrò jẹ ẹ́ létí. Àwọ̀ á ṣí kúrò ní ipò rẹ̀. Nọ́ńbà 3 á fẹ́ jọ 8. Àwọn kan ní fóònù ló ti gbó. Àwọn mìíràn ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò dára. Kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ohun tí a fẹ́ kí olúkúlùkù mú lọ sílé nínú àpilẹ̀kọ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ tọ́jú àwòrán àkọ́kọ́, kí ẹ sì máa ti ara rẹ̀ mú ẹ̀dà. Ẹ má ṣe máa ti ara ẹ̀dà mú ẹ̀dà.

OHUN TÍ A TI MỌ̀ TẸ́LẸ̀

Ẹni tí ó bá ti lo kásẹ́ẹ̀tì rí mọ ọ̀rọ̀ yìí. Bí a bá gba orin láti inú kásẹ́ẹ̀tì kan sínú òmíràn, tí ẹlòmíràn sì tún gbà á láti inú èyí tí a gbà, ohùn á máa lọ sílẹ̀, ariwo inú rẹ̀ á sì máa pọ̀ sí i. Bákan náà ni fọ́tòkọ́pì: ẹ̀dà àkọ́kọ́ á mọ́, ẹ̀dà tí a mú láti ara ẹ̀dà á ní àbàwọ́n, nígbà tí yóò bá fi di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ó di ohun tí a ń gbé sún mọ́ fèrèsé kí a tó lè kà á.

Àwọn onífọ́tò àtijọ́ mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Wọn kì í fi fíìmù inú kámẹ́rà ṣeré. Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí, bí a bá sì wá fọ́tò kan náà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ara fíìmù yẹn ni wọ́n ti ń tún un tẹ̀ jáde. Fíìmù ni ìyá, fọ́tò ni ọmọ. Kò sí onífọ́tò tí ó mọ iṣẹ́ tí yóò máa ya fọ́tò láti ara fọ́tò bí fíìmù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà àti fóònù ìgbàlódé dé, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé wàhálà yìí ti tán. Wọ́n ní fáìlì kò ju òǹkà lọ, òǹkà tí a tò tẹ̀lé ara wọn. Bí a bá da 7 kọ, 7 náà ni yóò jẹ́, ì báà ṣe ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹgbẹ̀rún ìgbà. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Bí a bá da fáìlì kọ láti inú fóònù sínú kọ̀ǹpútà, tàbí sínú fláàṣì, kò sí ohun tí yóò dín kù nínú rẹ̀. Kí ni ó wá ń ba àwòrán jẹ́? Ìfúnpọ̀ ni.

ÌDÍ TÍ A FI Ń FÚN ÀWÒRÁN PỌ̀

Àwòrán inú fóònù jẹ́ àkójọ àmì kéékèèké, bí ìgbà tí a to ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ oríṣiríṣi sórí àtẹ. Àwọn onímọ̀ ń pe ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní pixel. Àwòrán tí ó ní pixel 4,000 ní ìbú àti 3,000 ní òòró ní mílíọ̀nù 12 lápapọ̀. Òǹkà mẹ́ta ni a fi ń sọ àwọ̀ pixel kọ̀ọ̀kan: ti pupa, ti àwọ̀ ewé, àti ti búlúù. Òǹkà mílíọ̀nù 36 nìyẹn, fún àwòrán kan ṣoṣo. Bí fóònù bá ń tọ́jú gbogbo rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò ní pẹ́ kún, dátà tí a ó sì ná láti fi ránṣẹ́ kò ní kéré.

Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ fi dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní 1986, tí a ń pè ní Joint Photographic Experts Group. Lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́rin wọ̀nyí ni a ń rí ní ìdí orúkọ fáìlì àwòrán: JPEG, tàbí JPG. Ìlànà tí wọ́n gbé kalẹ̀ jáde ní 1992, ó sì wà lára àwọn tí ayé ń lò jù títí di òní. Orí ìṣirò kan ni wọ́n gbé e lé, èyí tí Nasir Ahmed, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà tí ó ń kọ́ni ní Amẹ́ríkà, àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, T. Natarajan àti K. R. Rao, gbé jáde ní 1974. JPEG lè sọ fáìlì di ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀, kí ojú má sì tètè mọ̀.

BÍ Ó ṢE Ń ṢIṢẸ́

Ìfúnpọ̀ yìí kò dà bí ìgbà tí a ká agbádá sínú báàgì, tí a ó sì tún tẹ́ ẹ jáde ní odindi. Ó dà bí ti arìnrìn-àjò tí ó fẹ́ kí ẹrù òun fúyẹ́, tí ó wá ń ju ohun tí ó rò pé ẹnikẹ́ni kò ní béèrè sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ohun tí ó bá ti jù sílẹ̀ kò ní padà wá mọ́.

Ohun kìíní ni pé ojú ènìyàn mọ ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ju ìyàtọ̀ àwọ̀ lọ. JPEG mọ èyí, nítorí náà ó ń yọ púpọ̀ nínú àwọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, pixel mẹ́rin ni yóò máa pín àwọ̀ kan ṣoṣo lò.

Ohun kejì ni pé ó ń pín àwòrán sí ìpín kéékèèké, bí àgbẹ̀ ṣe ń kọ ilẹ̀ ní ebè. Ìpín kọ̀ọ̀kan jẹ́ pixel 8 ní ìbú àti 8 ní òòró, 64 lápapọ̀. Nínú ìpín kọ̀ọ̀kan, ó ń wọn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń yí padà. Ìyípadà gbòòrò wà, bí ìgbà tí ojú ọ̀run ń ti ibi funfun lọ sí ibi búlúù díẹ̀díẹ̀. Ìyípadà òjijì tún wà, bí ìlà òwú tàbí etí lẹ́tà. Èyí tí ó gbòòrò, ó ń kọ òǹkà rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa. Èyí tí ó jẹ́ tín-ín-rín, ó ń kọ ọ́ ní ìdáwọ́lé, tàbí kí ó sọ ọ́ di òdo pátápátá. Ibẹ̀ gan-an ni àdánù ti ń wọlé.

Ẹni tí ó ya oko àgbàdo láti òkèèrè lè má rí ìyàtọ̀ kankan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ya aṣọ ẹtù tí a fi òwú àlàárì tín-ín-rín là láàárín yóò rí i: pupa náà á tú sí ara dúdú tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ya ìwé ìṣirò yóò rí i pẹ̀lú: àmì bí eruku á yí lẹ́tà ká. Òwú, lẹ́tà àti òǹkà, àwọn ohun tí ó ṣe pàtàkì jù fún wa, ni ìfúnpọ̀ kọ́kọ́ ń pa lára.

ÀPẸẸRẸ AKÁPÒ MẸ́TA

Ẹ jẹ́ kí a fi owó ṣe àpẹẹrẹ, nítorí owó ni ó tètè ń yé ènìyàn. Ká sọ pé ọmọ ẹgbẹ́ kan ní ₦1,237 nínú ìwé. Akápò kan ní òun kò fẹ́ wàhálà òǹkà kéékèèké, ó kọ ọ́ sí mẹ́wàá-mẹ́wàá tí ó sún mọ́ ọn jù: ₦1,240. Náírà mẹ́ta péré ni ó fi ṣìnà. Bí ó bá tún un kọ sí mẹ́wàá-mẹ́wàá ní ìgbà kejì àti ìgbà kẹta, ₦1,240 náà ni yóò jẹ́. Kò sí àdánù tuntun.

Ṣùgbọ́n ìwé náà dé ọwọ́ akápò kejì, tí òun ń kọ tirẹ̀ sí àádọ́ta-àádọ́ta. Ó di ₦1,250. Ó dé ọwọ́ ẹ̀kẹta, tí ń kọ tirẹ̀ sí ọgọ́rùn-ún-ọgọ́rùn-ún, tí ó sì ń gbé e lọ sókè bí ó bá bọ́ sí agbedeméjì. Ó di ₦1,300. Ẹ wò ó dáadáa: bí akápò kẹta bá rí ìwé àkọ́kọ́ tí a kọ ₦1,237 sí, ₦1,200 ni ì bá kọ. Ọ̀nà tí òǹkà náà gbà dé ọwọ́ rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di ₦1,300. Kò sí ẹni tí ó jalè nínú wọn. Olúkúlùkù ṣe díẹ̀ tirẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè wo ₦1,300 kí ó mọ̀ pé ₦1,237 ni tẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà sọ pé díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti àwòrán. Bí a bá tún fi ìwọ̀n kan náà fún àwòrán kan náà pọ̀, láìyí ohunkóhun padà lára rẹ̀, àdánù tuntun kì í pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá gba inú ètò mìíràn tí ń lo ìwọ̀n mìíràn, tàbí tí a gé etí rẹ̀, tàbí tí a sọ ọ́ di kékeré, àwọn ìpín 8 sí 8 yẹn kò ní bọ́ sí ojú ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìṣirò á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, lórí ohun tí ó ti ṣìnà.

Nítorí náà, kí ó yé wa pé:

Ṣíṣí àwòrán wò kì í bà á jẹ́, bí a tilẹ̀ ṣí i ní ọgọ́rùn-ún ìgbà.

Dída fáìlì kọ síbòmíràn láì yí i padà kì í bà á jẹ́.

Yíyí orúkọ fáìlì padà kì í bà á jẹ́.

Títún un ṣe kí a sì tún fi pamọ́ ní JPEG ń dín in kù, ní gbogbo ìgbà tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Fífi í ránṣẹ́ bí fọ́tò lásán lórí WhatsApp tàbí gbígbé e sórí Facebook ń dín in kù, nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ń tún un fún pọ̀ fúnra wọn.

Yíya ojú fóònù níbi tí àwòrán ti hàn, dípò kí a béèrè fáìlì náà, ń dín in kù, nítorí ohun tí ojú fóònù gbà nìkan ni a ó rí mú.

ÌRÌN-ÀJÒ ÀWÒRÁN KAN

Ká sọ pé ahunṣọ kan ní Ìsẹ́yìn ya aṣọ tuntun. Àwòrán náà jẹ́ 4,000 sí 3,000. Ó fi í ránṣẹ́ bí fọ́tò lásán sí ẹni tí ń bá a tajà ní Ìbàdàn. Bí ó bá di 1,600 sí 1,200 lójú ọ̀nà, pixel rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù méjì mọ́, bẹ́ẹ̀ ni mílíọ̀nù 12 ni tẹ́lẹ̀. Èyí kò tó ìdá kan nínú mẹ́fà. Alátajà gé etí rẹ̀, ó kọ iye owó sí i lára, ó fi pamọ́, ó sì gbé e sórí Facebook. Oníbàárà kan ní Lọ́ńdọ̀nù rí i, ó ya ojú fóònù rẹ̀, ó sì fi èyí tí ó yà ránṣẹ́ padà sí Ìsẹ́yìn pé, “Ẹ bá mi hun irú èyí, ogójì ènìyàn ni yóò wọ̀ ọ́ níbi ìgbéyàwó.”

Àwòrán tí ó padà dé ọwọ́ ahunṣọ yìí ti kọjá ìfúnpọ̀ bí ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún. Òwú kò ṣe é kà mọ́. Ṣé àlàárì ni pupa yìí ni, àbí àwọ̀ sányán ni ó ṣú? Bí ó bá hun ti ogójì ènìyàn lórí àbá, tí àwọ̀ rẹ̀ kò bá mu, ta ni yóò san owó òwú àti owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ púpọ̀? Bẹ́ẹ̀ ni àwòrán àkọ́kọ́, tí ó dára, ṣì wà nínú fóònù ahunṣọ yìí kan náà, bí kò bá tíì pa á rẹ́.

ÒǸKÀ TÍ Ó YÍ PADÀ

Bí JPEG bá ba lẹ́tà jẹ́, ó kéré tán, ojú á rí i pé ó ṣe bàìbàì. Ìfúnpọ̀ mìíràn wà tí ó léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìwé ìṣirò. Ní 2013, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan ní Jámánì, David Kriesel, fi ẹ̀rọ Xerox WorkCentre mú ẹ̀dà ìwé àwòrán ilé kan sínú kọ̀ǹpútà. A kọ ìwọ̀n yàrá mẹ́ta sínú ìwé náà: 14.13, 21.11 àti 17.42. Nínú ẹ̀dà tí ó jáde, yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di 14.13. Òǹkà náà mọ́ kedere, kò sí bàìbàì kankan lára rẹ̀, ṣùgbọ́n irọ́ ni ó ń pa. Ó tún rí i nínú ìwé mìíràn pé 6 ti di 8.

Ìlànà tí ó fà á ni a ń pè ní JBIG2. Bí ó bá rí àmì méjì tí wọ́n jọra lójú rẹ̀, ó lè tọ́jú ọ̀kan ṣoṣo, kí ó sì fi í sí ipò èkejì. Ilé-iṣẹ́ Xerox gbà pé ọ̀rọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gbé àtúnṣe jáde fún ètò inú àwọn ẹ̀rọ náà.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún ẹgbẹ́ wa kò ṣòro. Ẹ̀dà kì í ṣe ojúlówó, bí ó ti wù kí ó mọ́ tó. Nígbà tí ẹ̀dà bá sì ṣe bàìbàì, ojú ènìyàn fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fi àbá parí rẹ̀. Ẹni tí ó ń retí ₦8,000 á rí 8, ẹni tí ó jẹ ₦3,000 á rí 3, ìjà á sì dé.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ ẸGBẸ́ KỌ̀Ọ̀KAN ṢE

1. Ìwé ìṣirò ni ojúlówó. Àwòrán rẹ̀ jẹ́ ìránnilétí lásán. Ẹ má ṣe fi àwòrán inú fóònù nìkan parí àríyànjiyàn owó. Ẹ ṣí ìwé.

2. Ẹ máa kọ owó ní òǹkà àti ní ọ̀rọ̀. ₦1,237: ẹgbẹ̀fà náírà ó lé mẹ́tàdínlógójì. Bí òǹkà bá tilẹ̀ ṣá, ọ̀rọ̀ kì í tètè yí padà.

3. Bí a bá ti ya àwòrán tí ó ṣe pàtàkì, kí a da á kọ sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bíi kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ àti fláàṣì, kí ẹnikẹ́ni tó fi ọwọ́ kàn án. Kí a kọ ọjọ́ àti ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ sí orúkọ fáìlì náà. Èyí ni fíìmù tiwa.

4. Bí a bá fẹ́ gé etí rẹ̀ tàbí kọ nǹkan sí i, orí ẹ̀dà ni kí a ti ṣe é. Kí a ṣe gbogbo àtúnṣe ní àṣepọ̀, kí a sì fi pamọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí iṣẹ́ náà bá pọ̀, kí a máa fi pamọ́ ní PNG títí yóò fi parí. PNG, tí ó jáde ní 1996, ń fún àwòrán pọ̀ láì ju ohunkóhun nù, ṣùgbọ́n fáìlì rẹ̀ máa ń tóbi jù.

5. Bí a bá ń fi àwòrán ìwé tàbí ti aṣọ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí a yan Document dípò kí a fi í ránṣẹ́ bí fọ́tò. Báyìí, fáìlì náà gan-an ni yóò dé ibi tí ó ń lọ. Àǹfààní HD tí WhatsApp mú wá ní 2023 sàn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ṣùgbọ́n òun náà ṣì ń fún àwòrán pọ̀.

6. Bí àwòrán bá ti bàjẹ́, ẹ béèrè èyí àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó yà á. Sísọ JPEG tí ó ti ṣá di PNG dà bí ìgbà tí a da èlùbọ́ tí ó ti hu sínú àpò tuntun. Àpò ló mọ́, èlùbọ́ kò yí padà. Àwọn ètò tí ń mú kí àwòrán dán pẹ̀lú kò lè mú ohun tí ó sọnù padà. Wọ́n lè fi ohun mìíràn dípò rẹ̀ ni, èyí sì burú jù fún ìwé owó.

7. Kí ẹ̀yin ahunṣọ máa gé ìrépé kékeré kan lára aṣọ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá hun, kí ẹ so nọ́ńbà mọ́ ọn, kí ẹ sì fi nọ́ńbà yìí sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán tí ẹ ń fi ránṣẹ́. Bí oníbàárà bá dá nọ́ńbà padà, ara ìrépé ni ẹ ó ti wo àwọ̀ àti òwú, kì í ṣe ara àwòrán.

Kò sí ọ̀kan nínú nǹkan méje yìí tí ó ń béèrè owó ńlá. Fláàṣì kan àti ìkíyèsí ni ó gbà. A rọ àwọn akọ̀wé pé kí wọ́n ka àpilẹ̀kọ yìí sétí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé tí ń bọ̀, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì yan ẹni kan tí yóò máa tọ́jú àwòrán àkọ́kọ́, gẹ́gẹ́ bí akápò ṣe ń tọ́jú owó.

Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Àwòrán àkọ́kọ́ ni orísun. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó sọnù.